Ìṣirò mi ló sọ ìyá ọkọ ọ̀rẹ́ mi di olè

Mo ba ìyá àgbàlagbà kan lórúkọ jẹ́. Mi ò fi ẹnu bà á jẹ́ o, bírò àti kalikulétọ̀ ni mo fi bà á jẹ́... nígbà tí mo sì rí i pé èmi ni mo ṣìṣe, mo dákẹ́. Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Àwọn ará Niamey pọ̀ lórí page yìí, ẹni tó bá dá mi mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má dárúkọ mi síbẹ̀. Ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Bí ẹ bá sì bú mi náà, mi ò mọ̀ bóyá yóò dùn mí, torí ó ti lé ní oṣù kan báyìí tí nǹkan kan ò dùn mí, tí nǹkan kan ò sì dùn mọ́ mi nínú. Mò ń jẹun, mò ń kírun, mò ń ṣí kíóòsì mi láàárọ̀, mò ń tì í nírọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo wà.

Niamey níbí ni wọ́n bí mi sí, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá mi. Wadata ni kíóòsì mi wà, mò ń ta káàdì ìpè, mo sì ń bá èèyàn fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù. Mi ò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ìṣirò ju oúnjẹ lọ. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo rí fídíò kan lórí fóònù tí wọ́n ti ń ṣàlàyé break-even, ìyẹn iye ọjà tí èèyàn gbọ́dọ̀ tà kí owó tó wọlé tó bá owó tó jáde dọ́gba, kó tó lè pe ohunkóhun ní èrè. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo wo fídíò yẹn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó dà bí ẹni pé wọ́n tan iná sí yàrá tí mo ti ń táràrà nínú rẹ̀ láti kékeré. Mo ra ìwé kékeré kan sí i, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, mo kà á títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi já. Kò sì le rárá, ẹ wò ó... ẹ ya owó tó ń jáde sọ́nà méjì. Ọ̀kan ni èyí tí ẹ máa san bí ẹ tà bí ẹ ò tà, bí owó ilé, owó ọdẹ, owó iná. Èkejì ni iye tí ẹ fi ra ẹyọ ọjà kan. Ẹ yọ iye tí ẹ rà á kúrò nínú iye tí ẹ ń tà á, ẹ wá wo ìgbà mélòó ni ohun tó ṣẹ́ kù yẹn máa wọ inú owó àkọ́kọ́. Ó parí. Iye tí ẹ gbọ́dọ̀ tà nìyẹn. Ojú ìdọ́gba ni mo ń pè é nínú ìwé mi. Mo ti bá obìnrin kan tó ń ta ẹyin ṣe é, mo bá télọ̀ kan ní Lazaret ṣe é, mo bá ọkùnrin tó ń lẹ táyà ṣe é. Èèyàn mọ́kànlá lápapọ̀, mi ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tiẹ̀ fún mi ní orúkọ ìnagijẹ tí mi ò lè kọ síbí. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi nígbà náà ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Ràmátù. Boukoki ni ilé ọkọ rẹ̀. Ọmọ Ìlọrin ni ọkọ rẹ̀, àlùfáà ni, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú nínú agboolé níbẹ̀. Ìyá Àlùfáà ń gbé pẹ̀lú wọn, Ìyá Ìlọrin ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Ìyá tó máa ń kí èèyàn títí èèyàn á fi kọjá tán. Nígbà tí Ràmátù kó àjọ tó dá, tó ní òun fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù gààrí, ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ wá. Lẹ́yìn tó san gbogbo owó ìbẹ̀rẹ̀ tán, 450,000 sẹ́fà ló kù tó máa fi ṣòwò. Mo sì ní kó fọkàn balẹ̀.

Mi ò ṣe ìṣirò yẹn ní gbẹ̀fẹ́ o, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Mo ní kó ra àpò gààrí kan, oníkílò àádọ́ta, mo da gbogbo rẹ̀ sórí ẹní nínú àgbàlá wa, mo sì fi tíyà wọ̀n ọ́n. Tíyà ni abọ́ irin tí a fi ń wọn nǹkan níbí, ẹ sì mọ̀ pé àwọn kan máa ń lu ìdí rẹ̀ wọnú kó lè gbà díẹ̀, nítorí náà mo yẹ ìdí rẹ̀ wò. Tíyà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló jáde. Mo tún ṣe àpò kejì, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náà ni. Mo ro ti eku, mo ní kó ra dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí. Mo ro ti afẹ́fẹ́, mo ní kó fa aṣọ sẹ́nu ọ̀nà. Mo ro ti gààrí tí wọ́n máa jẹ nílé, mo ní kí òun náà máa san owó rẹ̀ sínú àpótí bí oníbàárà. Kí ló tún kù? Mo bi ara mi bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, kí ló tún kù... mi ò rí nǹkan kan.

Pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti owó alábàárù, 22,500 ni àpò kan. Pín in sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, 900 ni tíyà kan. 1,000 ló ń tà á. Ọgọ́rùn-ún kan ló kù lórí tíyà kọ̀ọ̀kan. Owó ilé 30,000 lóṣù, iná 4,000, ọdẹ 3,000, tíkẹ́ẹ̀tì ọjà 3,000, owó ọkọ̀ tirẹ̀ 5,000. Gbogbo rẹ̀ 45,000. Nítorí náà 450 tíyà lóṣù, àpò méjìdínlógún, tíyà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́. Mo fi bírò pupa fa ìlà méjì sábẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn. Mo ní tó bá ti lè tà jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó máa yọ̀.

Ó tà jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòótọ́. Ogún àpò lóṣù, láti oṣù kìíní. Lórí ìwé mi, èrè 5,000 ló yẹ kó máa wọlé lóṣooṣù. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọjà tuntun ni. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin a jókòó, a ka owó, a ka àpò tó wà nílẹ̀, ohun tó yẹ kó ti di 470,000... 390,000 ni a bá. A tún un kà. 390,000. Ràmátù ń wo ojú mi. Èmi ń wo ìwé. 80,000 ló sọnù, ìyẹn 20,000 lóṣù kan, ìyẹn 1,000 lórí àpò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn tíyà kan péré. Mo bi í pé tíyà mélòó ló ń rí nínú àpò kan, ó ní mẹ́rìnlélógún, pé òun rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mo ní rárá, èmi fúnra mi ni mo wọ̀n ọ́n, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo rò pé ọlọ́gbọ́n ló máa ń sọ irú rẹ̀. Mo ní eku kì í jẹ iye kan náà lóṣooṣù, afẹ́fẹ́ kì í gbé iye kan náà lọ, ohun tó bá ń lọ déédéé báyìí, ọwọ́ èèyàn ló ń mú un. Mo wá bi í pé ta ló máa ń wọn gààrí tí òun ò bá sí níbẹ̀.

Ó ní Ìyá Ìlọrin ni, pé àwọn ló máa ń bá òun ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ tí òun bá ń dáná, tí òun sì ń múra fún àwọn ọmọ.

Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀, àbí? Ó yẹ kí n ní ká tún un wọ̀n. Ohun tí mo sọ ni pé ìṣirò kì í purọ́. Ó ká ìwé mi, ó fi sínú báàgì, ó lọ sílé.

Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́, Ràmátù ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Ó ní òun tẹ́ ìwé náà síwájú ọkọ òun, ọkọ òun sì pe ìyá wọn. Ìyá Ìlọrin ò pariwo. Wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n kó ohun tó wà níbẹ̀ sórí ẹní, 1,850 sẹ́fà, wọ́n ní sàráà ọjọ́ Jímọ̀ ni. Wọ́n ní kí wọ́n gbé Àlùkùránì wá kí àwọn fọwọ́ lé e. Àlùfáà ní kò tó bẹ́ẹ̀, kó tán síbẹ̀. Ràmátù ní ìgbà tí Àlùfáà sọ pé kó tán síbẹ̀ yẹn ni ìyá wo ojú ọmọ wọn, tí wọ́n dìde, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ. Ọjọ́ kẹta, wọ́n wọ ọkọ̀ tó ń gba ibodè Kọ́nní lọ sí Ṣókótó, láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti wá ọkọ̀ Ìlọrin. Wọ́n yà sí kíóòsì mi kí wọ́n tó lọ, wọ́n ra káàdì ìpè, wọ́n ṣàdúrà fún mi pé Ọlọ́run á bùkún ọpọlọ mi. Mo ní àmín. Ọkàn mi balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn o, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tàn yín. Mo rò pé iṣẹ́ rere ni mo ṣe.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí wọ́n lọ ni mo lọ ra gààrí lọ́dọ̀ Ràmátù. Tíyà kan. Ó bù ú, ó fi ọwọ́ nu orí rẹ̀ kó tẹ́, ó dà á sínú náílọ́ọ̀nù mi. Mi ò sì pa náílọ́ọ̀nù dé. Mo ṣí i sílẹ̀, mo dúró. Mo ní èènì mi dà? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìwọ àti ojúkòkòrò rẹ, ó ki ọwọ́ bọ dúrọ́ọ̀mù, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i fún mi. Mo dúpẹ́, mo lọ. Mo ti dé ìkóríta kí ẹsẹ̀ mi tó dúró fúnra rẹ̀.

Èènì. Gbogbo ẹni tó bá ra tíyà kan ló ń gba èènì. Àwọn Hausa ń pè é ní gyara, àwọn obìnrin Zarma ò ní kúrò lọ́rùn rẹ títí wọ́n á fi rí i, àwọn èèyàn tiwa ò tiẹ̀ ní gbé ẹrù wọn nílẹ̀. Láti ọmọ ọdún méje tí mo ti ń bá ìyá mi tajà ni mo ti ń bu èènì fún èèyàn. Kò sí ẹni tó ń kà á. Ta ló ń ka èènì? Ẹni tó ń ṣàlàyé nínú fídíò yẹn, kéèkì ló ń tà, kò sí ẹni tó ń gba èènì lórí kéèkì. Kò sí i nínú ìwé Faransé náà. Èmi tí mo sì da gààrí sórí ẹní nínú àgbàlá wa, tí mo wọ̀n ọ́n tí mo tún un wọ̀n, kò sí oníbàárà kankan níwájú mi, ta ni mo fẹ́ bu èènì fún?

Mo lọ ra gààrí ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí i, mo ní kí Ràmátù máa di èènì náà sọ́tọ̀, mo purọ́ fún un pé ọmọ kan ni mo fẹ́ fún. Mo gbé e lé òṣùwọ̀n. Gíráàmù 79. 82. 80. Tíyà gan-an jẹ́ kílò méjì. Tí èèyàn bá wá ń bu 80 lé 2,000, àpò oníkílò àádọ́ta á di tíyà mẹ́rìnlélógún, á sì ku ẹ̀kúnwọ́ kan. Mẹ́rìnlélógún. Tíyà kan péré ló lọ. 1,000 lórí àpò, 20,000 lóṣù, 80,000 lóṣù mẹ́rin. Kò sí ẹni tó mú nǹkan kan. Ojú ìdọ́gba tí mo fi bírò pupa fa ìlà sí nídìí, irọ́ ni. Kì í ṣe 100 ló ń kù lórí tíyà, kì í ṣe 2,500 ló ń kù lórí àpò, 1,500 ni. Ọgbọ̀n àpò ló yẹ kó máa tà lóṣù kó tó dọ́gba, ìyẹn tíyà mẹ́rìnlélógún lójúmọ́, kì í ṣe mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Gbogbo ìgbà tó ń ta ogún àpò, tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, 15,000 ló ń pàdánù lóṣooṣù. Mo jókòó ti òṣùwọ̀n yẹn. Mi ò sunkún. Mo gbọ́n gààrí tó dà sílẹ̀ kúrò lórí tábìlì, mo sì lọ ṣí kíóòsì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù. Ọjọ́ kejì mo lọ bá Ràmátù, mo sì fẹ́ sọ ọ́, ẹnu mi tiẹ̀ ti là... ohun tó wá jáde ni pé mo kọ́ ọgbọ́n tuntun kan lórí fóònù, pé kó má fi ọwọ́ bu èènì mọ́, kó máa fi ṣíbí. Ṣíbí kan tó kún, gíráàmù ogún. Kò bi mí ní ìdí rẹ̀, ó gbà mí gbọ́. Àwọn oníbàárà fi ṣe yẹ̀yẹ́, obìnrin Zarma kan bi í bóyá oògùn ikọ́ ló ń fún àwọn, òun àti obìnrin náà jọ rẹ́rìn-ín, ó sì ra gààrí rẹ̀ lọ. Mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀ kí n tó lọ: pẹ̀lú ṣíbí, 2,250 ló máa kù lórí àpò, ogún àpò sì máa jẹ́ 45,000 géérégé. Mo rántí pé ó dùn mọ́ mi fún bí ìṣẹ́jú kan pé ó pé géérégé. Irú èèyàn wo nìyẹn?

Nígbà tí oṣù parí, owó ò dín kù. Ràmátù wá sí kíóòsì mi lójú gbogbo èèyàn, ó dì mọ́ mi, ó ní, “Ṣé o rí i? Ìyá lọ, owó dúró.”

Ó sọ ọ́ fún àwọn obìnrin Boukoki, ó ní ìwé ọ̀rẹ́ òun ló tú àṣírí. Èèyàn mẹ́ta mìíràn ti gbé ọjà wọn wá bá mi lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ṣe ìṣirò fún wọn. Mo fi èènì sí i. Mi ò tíì padà lọ bá àwọn mọ́kànlá ti àkọ́kọ́ láti bi wọ́n bóyá àwọn náà ń fún èèyàn ní èènì... ẹlẹ́yin yẹn ń fi ẹyin kan lé ọgbọ̀n, ojú mi ló ṣe.

Ìdí tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí lónìí nìyí. Ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn, Ìyá Ìlọrin pè mí láti Ìlọrin. Wọ́n kí mi, wọ́n béèrè ọjà, wọ́n béèrè ooru Niamey. Wọ́n wá ní Àlùfáà ń bọ̀ wá bá àwọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ní Ràmátù ti gbà kí àwọn padà sí Niamey, ṣùgbọ́n ó ní kí àwọn kọ́kọ́ jẹ́wọ́ níwájú ẹbí, kí àwọn tọrọ àforíjì, kí ọ̀rọ̀ náà kú. Wọ́n ní àwọn ti gbà. Wọ́n ní àwọn ò rántí pé àwọn mú nǹkan kan, ṣùgbọ́n àgbà ti dé, bóyá ojú ni, bóyá ṣéńjì ni àwọn ń ṣì fún èèyàn, ìwé kò sá lè ṣàdédé sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọmọ-ọmọ ni àwọn fẹ́ rí, pé èyí tó kéré jù kì í sùn níbòmíràn àfi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn. Wọ́n wá ní, “Ọmọ mi, wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ sọ iye tó jẹ́, mi ò sì mọ iye náà. Ìwọ lo ṣe ìṣirò rẹ̀. Bá mi wò ó, èló ni mo jí?”

Wọn ò bínú o. Bí èèyàn ṣe máa ń bi mí pé èló ni owó ìránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ohùn wọn ṣe rí. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára, mo ní màá padà pè wọ́n. Mi ò tíì pè wọ́n.

Mo mọ iye náà. Tí mo bá sọ 80,000, wọ́n á lọ sọ ọ́ níwájú ẹbí wọn bí mo ṣe sọ ọ́, wọ́n á padà wá, àwọn ọmọ á rí ìyá àgbà wọn, Ràmátù á dákẹ́, ilé á rójú. Ọ̀rọ̀ á sì tán... ṣé ó máa tán? Ìyá Àlùfáà á di ẹni tó jí gààrí ìyàwó ọmọ rẹ̀ títí wọ́n á fi kú, àwọn náà á sì gbà á gbọ́. Tí mo bá sọ òótọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún? Ràmátù tó ti fi orúkọ mi búra káàkiri Boukoki? Àlùfáà tí kò jẹ́ kí ìyá wọn fọwọ́ lé Àlùkùránì? Àbí ìyá fúnra wọn, kí n sì sọ fún wọn pé láti oṣù tó kọjá ni mo ti mọ̀? Ṣé Àlùfáà lè dárí ji ara wọn tí mo bá sọ ọ́? Ṣé ẹ rò pé wọ́n á tún jẹ́ kí n wọ ilé wọn?

Wọ́n tún pè mí láàárọ̀ òní nígbà tí mò ń ta káàdì fún èèyàn. Mo jẹ́ kó dún títí tó fi dákẹ́. Wọ́n á tún pè, torí Àlùfáà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbéra. Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, ẹ sọ fún mi, tí fóònù yìí bá tún dún tí mo sì gbé e, èló ni kí n sọ fún wọn?